Ṣé Ká Gbé Ẹ́ńjìnnì 1600 Wọ Ìjàpá 1963?

Bóòtì mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì Volkswagen Beetle, tí àwa ń pè ní Ìjàpá, mọ́ gíábọ́ọ̀sì rẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá mọṣẹ́ á tú u, á yọ ọ́ọ̀sì epo, wáyà iná díẹ̀, àti èyí tó ti ẹsẹ̀ awakọ̀ wá sí kaburétọ̀, á sì fa ẹ́ńjìnnì náà bọ́ sórí jáàkì láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò sí rédíétọ̀ tí a ó da omi inú rẹ̀ nù. Ìrọ̀rùn yìí ló bí àríyànjiyàn tí kì í tán láàárín àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ yìí: bí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá àtijọ́ bá ti rẹ̀, ṣé ká gbé ti àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e wọ̀ ọ́, àbí ká tún èyí tó bá a wáyé ṣe?

Ìjàpá ọdún 1963 tí wọ́n ṣe ní Jámánì ni mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ. Ẹ́ńjìnnì 1200 ló ń lò, agbára ẹṣin 34, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ fóòtì 6. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1970, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ́ńjìnnì 1600 tó ní agbára ẹṣin 50 sínú Ìjàpá. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé kìlómítà 115 ní wákàtí kan ni gbogbo ipá rẹ̀ wá di èyí tó ń sá 130. Ẹni tó bá ti kó èèyàn mẹ́rin sínú 1200 kojú òkè gíga mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn jẹ́, pàápàá bí tírélà bá ń fọn fèrè mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ohun tó tilẹ̀ jọ mí lójú ju agbára lọ ni ọ̀rọ̀ ìgbóná. Atẹ́gùn ni Ìjàpá fi ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Nínú ti àtijọ́, ọ́ìlì kúlà dúró sínú ìbòrí irin tó ń darí atẹ́gùn fáànù, ó sì dábùú ọ̀nà sìlíńdà kẹta. Atẹ́gùn tó bá máa fi dé ibẹ̀, ó ti gba ara ọ́ìlì gbígbóná kọjá. Ìdí nìyí tí fáàfù sìlíńdà yẹn fi sábà máa ń ṣáájú àwọn yòókù jóná, tàbí kó já bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì kó sì bà á jẹ́ pátápátá. Nígbà tí 1600 dé, wọ́n gbé ọ́ìlì kúlà kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n kọ́lé tirẹ̀ fún un lọ́tọ̀, wọ́n sì fẹ fáànù sí i. Ẹni tó bá ní nítorí èyí nìkan lòun ṣe fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì kò sọ àsọdùn.

Ọ̀rọ̀ pátì náà tún wà níbẹ̀. Ìjàpá ò kúrò lórí àtẹ ní Mẹ́síkò títí di Oṣù Keje ọdún 2003, Brazil sì ń fi irú ẹ́ńjìnnì 1600 alátẹ́gùn yìí sínú bọ́ọ̀sì Volkswagen tí wọ́n ń pè ní Kombi títí di òpin ọdún 2005. Nítorí náà písítìn àti sìlíńdà 1600 ò ṣòroó rí tó ti 1200 ọdún 1963. Àwọn Ìjàpá tí wọ́n tò ní Èkó láti 1975, fóòtì 12 ni wọ́n; ẹ́ńjìnnì wọn ń wọ ara wọn láìsí wàhálà.

Àwọn tó ń tako pípààrọ̀ ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Fuláìwíìlì, irin olóbìírí eléyín tí sítátà máa ń yí, eyín 109 ló ní nínú ọkọ̀ fóòtì 6. Ti fóòtì 12 ní eyín 130, ó sì tóbi jù ú lọ. Bí a bá fẹ́ kí èyí ńlá wọlé, àfi ká fi ẹ̀rọ ìlọrin ha inú gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ àtijọ́ náà. Irin tí a bá sì ti ha dànù, kò sí bí a ṣe máa dá a padà. Iná náà gbọ́dọ̀ yí padà: gbogbo gílóòbù, fèrè, mọ́tò wáípà. Gíà 1963 tún kúrú fún ẹ́ńjìnnì tó lágbára. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, ṣe ni ẹ́ńjìnnì á máa ké ju bó ṣe yẹ lọ.

Búréèkì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tí Volkswagen fúnra wọn sọ Ìjàpá di 1500 ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1966, wọ́n fi díìsìkì sí táyà iwájú èyí tí wọ́n tà ní Jámánì, wọ́n sì fi irin kan há ẹ̀yìn rẹ̀ kí kọ́nà má baà gbé e ṣubú. Lóòótọ́, dúrọ́ọ̀mù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò títí dé òpin, wọ́n sì wà láàyè. Ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀mù ọdún 1963 tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú wò láti ìgbà pípẹ́ ò yẹ lẹ́yìn agbára ẹṣin 50.

Wọ́n tún ń sọ pé ẹ́ńjìnnì tó bá ọkọ̀ wáyé ni ìtàn rẹ̀. Mo gbà, àmọ́ kì í ṣe délẹ̀délẹ̀. Volkswagen fúnra wọn ń ta ẹ́ńjìnnì pààrọ̀ fún àwọn oníbàárà wọn nígbà náà lọ́hùn-ún, nítorí náà Ìjàpá tó ti pààrọ̀ ọkàn rẹ̀ kí olówó rẹ̀ ìsinsìnyí tó rà á kò ṣọ̀wọ́n. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ jẹnẹrétọ̀. Láti Oṣù Kẹjọ ọdún 1965 ni lẹ́tà ti ń ṣáájú rẹ̀: D fún 1200, F fún 1300, H fún 1500, AD fún 1600. Bí ẹ bá bá lẹ́tà lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ 1963, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí mo dúró sí rèé. Bí ẹ́ńjìnnì àbáláyé náà bá ṣì pé, tí irin rẹ̀ ò sán, ẹ tún un ṣe, kódà bó bá gba owó àti sùúrù. Bó bá ti kú, tàbí tó jẹ́ pé ọkọ̀ náà lẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, 1600 kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ ẹ tún búréèkì ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi fuláìwíìlì eléyín 109 sí 1600 náà, kó má ha gíábọ́ọ̀sì rárá. Ní Nàìjíríà, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀, ẹ lọ yí i padà kí ọlọ́pàá tó bi yín. Ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má tà á fún oníjákujàku-irin. Ẹ fi ọ́ìlì pa á, ẹ bò ó, kí ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ iwájú lè dá a padà sí àyè rẹ̀.