Àtẹ́wọ́ Nìkan Kò Tó Akéwì

Ní alẹ́ ewì tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ké, àtẹ́wọ́ kan náà ni gbogbo akéwì ń gbà, ẹni tó mọ̀ ọ́n ké àti ẹni tó ń ṣì í. Wọ́n ní kí ẹ̀rù má baà ba ọ̀dọ́ ni. Ta ni irú àánú bẹ́ẹ̀ sọ di akéwì rí?

Ẹ wo agbo ọlọ́dẹ. Adébóyè Babalọlá ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó kọ lórí ìjálá ní 1966. Bí ẹnì kan bá ń sun ìjálá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbọ́n nínú iṣẹ́ náà ń tẹ́tí sí i. Bó bá ṣìnà, wọn a ta kò ó lójú agbo. Òun náà a sì máa fi òwe gbèjà ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí alẹ́ ewì náà jẹ́ ní Igbó-Ọrà, ìlú tí òkìkí ìbejì rẹ̀ kàn káyé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń ki ìbejì, tó wá pe Táyé ní ẹ̀gbọ́n, ṣé kí ìyá ìbejì tó jókòó lẹ́yìn dákẹ́ ni? Ó mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló rán Táyé ṣíwájú láti tọ́ ayé wò. Bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ sí àṣìṣe yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọdé tó gbọ́ ọ yóò ṣe gbé e dé Èrúwà àti Láńlátẹ̀.

Wọ́n lè ní ìtìjú yóò lé ọmọ sá. Bẹ́ẹ̀ ni, bí atọ́nisọ́nà bá jẹ́ ẹlẹ́yà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ lágbo rárá. Kí olùkọ́ Yorùbá tó ń ṣètò alẹ́ ewì ní Ìbàràpá pe ọlọ́dẹ méjì àti ìyá ìbejì kan, kí ó fi wọ́n síwájú, kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì kan àwọn náà.