Omi Rọ́ọ̀gì Tí À Ń Dà Sí Gọ́tà

Ẹ̀yin ìyá ọjà Post Office, bí ààwẹ̀ bá ti ń bọ̀, gbogbo wa la máa ń kó rọ́ọ̀gì lọ fọ̀. Omi ọṣẹ rẹ̀ ńkọ́? Gọ́tà ni, ó di odò Asà. Etí odò yẹn náà ni wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ tí à ń tà, tí à ń jẹ. Ẹni tó tutọ́ sókè, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi gbà á.

Ẹ jẹ́ ká sọ fún àwọn tó ń bá wa fọ̀ ọ́: kí wọ́n kọ́kọ́ gbọn eruku rẹ̀ dáadáa, ọṣẹ á dín. Omi tí wọ́n fi ṣan án kẹ́yìn, kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Èyí tó bá ti gbó, ká má sun ún, ká gé e tẹ́ ìsọ̀. Ẹni tó bá kọ̀, ká má gbé iṣẹ́ fún un mọ́. Àwa la lówó wa.