Ìyá Ìgbín Kì í Ṣe Ọjà

   

Ọ̀rọ̀ ọpọ́n àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni ẹ sábà máa ń bá lọ́wọ́ mi níbí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé mi ní Muṣin ni mo fẹ́ sọ. Àwọn tó ti wá sílé mi mọ̀ pé mo ń sin ìgbín. Ọdún keje rèé. Búlọ́ọ̀kù ni mo fi mọ ilé wọn, ó ga dé orúnkún, mo kó iyẹ̀pẹ̀ dúdú sí i, mo fi nẹ́ẹ̀tì bò ó lórí. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin lọ. Ibẹ̀ ni owó gàrí ti ń wá nígbà tí àwọn tó ń wá dífá ò bá pọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Òru ni ìgbín ń jẹ, òru ló ń rìn. Nítorí náà bí mo bá ti kí Ifá tán láàárọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń yà sí. Màá kó oúnjẹ àná tó ṣẹ́ kù kúrò, torí bó bá rà, á pe kòkòrò. Màá wo ilẹ̀ bóyá èèrà ń tò bọ̀. Màá wọ́n omi sí i; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi oògùn sí, mo máa ń gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n tó lò ó. Nírọ̀lẹ́, ewé ìbẹ́pẹ, ewé kúkúndùnkún, gbúre, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀. Àwọn ìyá tó ń ta èso ní Ojúwòyè ti mọ̀ mí. Ìbẹ́pẹ tó ti bẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò ní rà, wọ́n á ti kó o sínú àpò dè mí. Mo tún máa ń gún èèpo ẹyin adìyẹ àti ìkarahun ìgbín tó ti kú, màá bù ú fún wọn kí ìkarahun tiwọn lè le.

Ìjàlọ ni ọ̀tá wọn. Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ìkarahun lásán ni mo bá. Látìgbà náà ni mo ti gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ yí ilé wọn ká, mo fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Omi àti ọ́ìlì dúdú tí mo gbà lọ́wọ́ mẹkáníìkì ló wà nínú rẹ̀. Èèrà ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀.

Ìgbín ńlá ilẹ̀ wa ni mo ń sìn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Archachatina marginata. Akọ ni, abo náà ni, ṣùgbọ́n méjì máa ń pàdé kí ẹyin tó wà. Á gbẹ́ ilẹ̀, á yé bíi mẹ́fà, mẹ́jọ, nígbà mìíràn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, á sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ó ń tó bí oṣù kan kí ẹyin náà tó pa. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún kan lè yí po kí ọmọ náà tó di ìyá. Ìgbín mìíràn wà tó ń yé ju ọgọ́rùn-ún ẹyin lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tiwa kọ́. Ìwé tí J. R. Cobbinah, ọmọ Gánà, ṣe ní 1993 lórí sísin ìgbín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. Ìyókù, ojú mi ló rí i. Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín ń gun igi. Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ máa ta nǹkan mìíràn.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lóṣù Ọ̀pẹ tó kọjá, ìyá ìgbín méjìlá ni mo ní. Mo lọ síbi ayẹyẹ kan ní Ṣàgámù, mo sùn síbẹ̀ ní alẹ́ méjì. Mo ní kí ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, máa fún wọn lóúnjẹ. Nígbà tí mo dé, mo bá ìgbín tó fà wọ inú ìkarahun, tí ìfófòó bo ẹnu wọn. Méje ti kú. Mo bi ọmọ náà, kò parọ́. Ó ní òun rí i pé ewé ṣáá ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, àánú wọn ṣe òun, lòun bá bu ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ fún wọn.

Iyọ̀ inú ọbẹ̀ ló pa wọ́n. Mo ti gbọ́wọ́ sókè láti lu ọmọ náà. Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Àwa tí a wà nílé Òrìṣà, ta ni ò mọ̀ nínú wa pé àtẹ́ ni Ọbàtálá ń jẹ? Àìmọye ìgbà ni ọmọ yẹn ti gbọ́ lẹ́nu mi pé a kì í fi iyọ̀ sí oúnjẹ Òrìṣà. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún un lọ́jọ́ kan pé iyọ̀ kan náà ló ń pa ìgbín tí a fi ń bọ ọ́. Mo kọ́ ọ ní èèwọ̀, n kò fi ìdí rẹ̀ hàn án. Ẹjọ́ mi ni, kì í ṣe ẹjọ́ tirẹ̀.

Ó ku márùn-ún. Nígbà tó di oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí wọ́n wọlé sáà kejì, tí owó ilé-ìwé ọmọ yìí kan náà wà lọ́rùn wa, arákùnrin kan wá láti Sùúrùlérè. Ó fẹ́ ìgbín ńlá márùn-ún fún ètùtù kan. Ó wo inú ilé ìgbín mi, ó ní gbogbo ẹ̀ lòun máa kó, ìlọ́po méjì iye tí mò ń tà á lòun sì máa san. Ìyàwó mi pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, Òrìṣà ló gbé owó yìí wá o."

Kí n má parọ́ fún yín, ọkàn mi fẹ́ ẹ. Àmọ́ mo rántí oko bàbá mi lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó. Lọ́mọdé wa, bí òjò bá rọ̀ lóru, ìgbín á kún ọ̀nà oko láàárọ̀. Igbó yẹn ti di ilé báyìí. Àwọn tó ń ta ìgbín ní Ojúwòyè ń kó o wá láti ìhà Òǹdó àti Ẹdó, àwọn náà ń ráhùn pé ọ̀nà ti jìn. Bí èmi tí mo ń sìn ín bá ta ìyá, kí ló máa kù?

Mo sọ fún arákùnrin náà pé n kò ní tà á. Inú bí i. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń fi ìgbín du Òrìṣà ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo ní, "Ọmọ mi, owó ni mo fi ń du ara mi, kí Òrìṣà lè rí ìgbín jẹ lọ́dún tó ń bọ̀." Mo wọ bàtà, mo mú un lọ sí Ojúwòyè, mo bá a ṣa márùn-ún tó dára, ó ra á ní iye ọjà. N kò gba kọ́bọ̀. Owó ilé-ìwé ńkọ́? Mo bẹ ẹni tó kàn láti kó èésú pé kó jẹ́ n kó o ṣíwájú rẹ̀. Ìyàwó mi ò bá mi ṣeré fún odidi ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí òjò dé lóṣù Igbe, ìyá márààrún yé. Ẹyin mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló pa. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó pariwo pè mí, mo rò pé ejò ni. Ọmọ-ọmọ mi ló ń fún wọn lóúnjẹ báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá gbé abọ́ ọbẹ̀ kọjá níbẹ̀, á lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lókè òkun, ẹ bá mi kìlọ̀ fún wọn. Ní Ìlú Ọba, àwọn èèyàn ń sin ìgbín Áfíríkà sínú àpótí gíláàsì bí ẹni ń sin ológbò. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, òfin ò gbà kéèyàn mú un wọlé tàbí kó sìn ín láìgba ìwé àṣẹ. Ní 1966, ọmọkùnrin kan kó mẹ́ta láti Hawaii wá sí Miami, ìyá rẹ̀ àgbà tú wọn sí ọgbà. Irú ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni, èyí tó ń yé púpọ̀. Láàárín ọdún méje, wọ́n ti lé ní 18,000, ó sì di 1975 kí ìjọba tó rí wọn pa tán. Ó tún yọjú níbẹ̀ ní 2011, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi bá a jà. Ohun tó ń tán lọ lọ́dọ̀ wa ló di ìyọnu lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má di ìgbín sínú ẹrù lọ síbẹ̀ torí ọdún Òrìṣà. Kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ àgbà tó wà níbẹ̀.

Àwa tí a wà nílé, ẹ jẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan sin ìyá mẹ́rin péré. Agbọ̀n ńlá kan, iyẹ̀pẹ̀, ewé àti omi, ó ti tó. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ sì sè é jinná dáadáa kí ẹ tó jẹ ẹ́. Ẹ máa ta ọmọ rẹ̀ tó bá ti dàgbà, ẹ máa fi bọ Òrìṣà, ẹ máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìyá sílẹ̀. Kí ẹ sì sọ ìdí èèwọ̀ fún àwọn ọmọ yín.

Kí Ọbàtálá fi ẹ̀rọ̀ sí ilé gbogbo wa. Àṣẹ.