Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ ariwo yìí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde náà á rántí. A so subwoofer mọ́ amplifier, a ò tíì fi orin sí i, ó ti ń kùn bí agbo oyin. Àwọn kan á tú púlọ́ọ̀gì, wọ́n á yọ wáyà ẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀. Kíkùn náà á dákẹ́, inú wọn á dùn.

Àwa ò fara mọ́ ọn rárá. Bí iná bá jò sára irin ẹ̀rọ, wáyà yẹn ló ń gbé e lọ sílẹ̀ kí fíúsì lè já. Bí a bá yọ ọ́, ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni iná máa gbà kọjá.

Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà orin lára subwoofer. Bó bá ṣì ń kùn, inú rẹ̀ ni àìsàn wà. Ẹ gbé e fún oníṣẹ́ rédíò. Bó bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀nà méjì ni àwọn ẹ̀rọ náà gbà kan ilẹ̀, tí iná díẹ̀ ń yípo gba inú wáyà orin. Ẹ fi àwọn méjèèjì sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Ẹ yọ wáyà dish wò. Ẹ pààrọ̀ wáyà orin tó ti gbó, kí ẹ má sì tò ó pọ̀ mọ́ wáyà iná. Bí kò bá tán, ẹ ra ground loop isolator.

Orin dùn lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó wà láàyè ló ń jó.