Ajá Nínú Kẹ̀kẹ́ Ọmọ: Àánú Ni Tàbí Àṣejù?

Bí ènìyàn bá pẹ́ láyé, ojú rẹ̀ yóò rí ohun tí ojú baba rẹ̀ kò rí. Ní ìgbà kan tí mo lọ kí àbúrò mi obìnrin ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, mo pàdé ìyá àgbà òyìnbó kan tí ó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ bọ̀ nínú ọgbà ìgbafẹ́ ní òwúrọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá tí a ti kọ́ pé a kì í rí ọmọ tuntun kí a dijú, mo bẹ̀rẹ̀, mo sì yọjú wo inú kẹ̀kẹ́ náà tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ajá ni mo bá níbẹ̀! Irun ẹnu rẹ̀ ti funfun, wọ́n fi aṣọ òtútù bò ó dé ọrùn, ó sì ń wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni mo ṣe ohun tí kò yẹ. Mo kí ìyá náà, mo bá tèmi lọ. Nígbà tí mo padà délé, ìtàn yìí ni mo fi ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kan, bí a ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan na ọwọ́ sókè. Ó ní, ‘Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé ajá náà lè rìn?’ Ẹnu mi wọhò. N kò wo ẹsẹ̀ ajá náà. Aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan ni mo rí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, èrò mi sì ni mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé lónìí.

Kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé àṣà yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ní Kòríà Gúúsù, ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí ń jẹ́ Gmarket ṣírò ọjà rẹ̀ láti oṣù kìíní sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ àti kẹ̀kẹ́ ẹran ọ̀sìn tí wọ́n tà, bí a bá kó wọn pọ̀, 57 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ẹran ọ̀sìn, 43 péré ni ti ọmọ ènìyàn. Ní ọdún kan náà, iye ọmọ tí a lè retí pé obìnrin kan yóò bí ní ilẹ̀ náà kò tó ẹyọ kan: 0.72 ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ tí wọ́n ti ń jẹ ẹran ajá tipẹ́tipẹ́ ni. Oṣù kìíní ọdún 2024 ni àwọn aṣòfin wọn ṣe òfin tí yóò fi òpin sí pípa ajá fún jíjẹ àti títa ẹran rẹ̀ láti ọdún 2027.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò pariwo pé ajá ti gba ipò ọmọ. Èmi náà tí mo gbà pé ọmọ laṣọ, àyà mi já. Ṣùgbọ́n ṣé kẹ̀kẹ́ ajá ni ó lé ọmọ kúrò nílé wọn? Rárá o. Owó ilé tí ó wọ́n, owó ẹ̀kọ́ ọmọ tí ń pa òbí lẹ́rù, àti iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí ìyá tàbí baba tètè délé wà lára ohun tí ó fà á. Àmì ni kẹ̀kẹ́ náà jẹ́. Bí a bá na àmì lẹ́gba títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, àrùn kò ní í tìtorí rẹ̀ san.

Ìtàn kẹ̀kẹ́ yìí alára ní ẹ̀kọ́ nínú. Ní nǹkan bí ọdún 1733, William Kent ṣe kẹ̀kẹ́ kékeré kan fún àwọn ọmọ ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Duke ti Devonshire. Ẹranko ni wọ́n ṣe é fún láti fà. Ọmọ ni yóò jókòó. Ajá pẹ̀lú ti fa ẹrù rí ní ilẹ̀ náà, títí òfin ọdún 1839 fi dá a dúró ní Lọ́ńdọ̀nù, tí òfin ọdún 1854 sì mú un káàkiri. Ní ilẹ̀ Belgium, ajá ni ó ń fa ọmọlanke àwọn tí ń ta wàrà nígbà kan rí. Ẹni tí ó fa kẹ̀kẹ́ lánàá ni ó wá jókòó sínú rẹ̀ lónìí.

Kí wá ni ìwúlò rẹ̀? Ajá tí ó ti gbó, tí oríkèé rẹ̀ ń ro ó, lè fẹ́ jáde síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ má gbé e jìnnà. Ajá kì í làágùn káàkiri ara bí tiwa. Híhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára. Nítorí náà, ajá onímú pẹlẹbẹ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní pug tàbí bulldog, a máa tètè rẹ̀ nínú oòrùn, ọ̀dà tí ó gbóná sì lè bó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá yòówù. Ẹni tí ó mọ kẹ̀kẹ́ lò yóò jẹ́ kí ajá rẹ̀ rìn níwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ, yóò gbé e sínú kẹ̀kẹ́ nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́, yóò sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbi tí koríko tútù bá wà.

Ṣùgbọ́n ajá tí ara rẹ̀ le ńkọ́? Ẹni tí ó gbé irú rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ láti fi ṣe fáàrí ń ré e jẹ ni. Imú ni ajá fi ń ka ìwé ìròyìn. Ìdí igi kọ̀ọ̀kan ni ojú ìwé rẹ̀. Ẹni tí kò jẹ́ kí ó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ti sọ ọ́ di púrúǹtù, yóò sì tún sọ ọ́ di ọlọ́ràá tí kò lè sáré. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ọdẹ ni baba tí ó bí mi. Tanímọ̀la ni ó sọ ajá rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ìmàdò ta ajá yìí ní itan nínú igbó. Bàámi fi aṣọ ìbora rẹ̀ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí abiyamọ, ó sì rìn láti àárín igbó wọ ìlú ní ọ̀sán gangan. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. ‘Ẹ kú ewu’ ni gbogbo ilé ń kí i.

Nígbà tí Tanímọ̀la gbó, Bàámi so ó mọ́ òpó kí ó máa sinmi. Ní ìdájí ọjọ́ tí ó ń re igbó, ó fun fèrè, ajá náà já okùn, ó tẹ̀ lé e. A kò mọ̀. Ọjọ́ kẹta ni a rí òkú rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà oko. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí gbọ́ fèrè ni ó fi sọnù. Bàámi kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: ‘Ǹ bá ti gbé e dání.’

Èyí ni mo gbàgbé tí mo fi fi ìyá àgbà ọjọ́sí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí Bàámi fi ẹ̀yìn ṣe lẹ́ẹ̀kan, tí kò ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ni obìnrin náà ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe ní àràárọ̀.

Èrò tèmi ni pé kí a má wo kẹ̀kẹ́. Kí a wo ẹsẹ̀ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ náà bá ti kọ iṣẹ́, àánú ni. Bí ó bá ṣì le, fáàrí ni. Kí àwa tí a sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín bojú wẹ̀yìn: àgbà mélòó ni ó wà ní ìyẹ̀wù ilé wa tí kò rí ìta láti oṣù mélòó, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà kí ó fẹ́ atẹ́gùn? Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ẹni tí ó bá ti sìn wá títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi rọ, ẹ jẹ́ kí a gbé e dání.