Ohùn Tòlótòló Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Kò sí èdè tí kò ní ọ̀rọ̀ tí dídún rẹ̀ ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín kí ó tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwa náà ní róbótó, wúruwùru àti játijàti. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn ni gobbledygook. Ẹ pè é ní gọ́bùdigúùkù.

A mọ ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀: Maury Maverick, ará Texas ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun ni ọ̀gá àjọ ìjọba kan tí ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké. Ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń kọ sú u, nítorí ó gùn, ó sì lọ́jú pọ̀. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú gobbledygook. Ó ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé bóyá tòlótòló ilé wọn ni òun ń rò, èyí tí ó máa ń ké, tí ó sì máa ń yan fanda. Orúkọ tí àwa ń pe ẹyẹ náà kúkú ń dún bí igbe rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń lò ó? A kì í fi «a» síwájú rẹ̀, a kì í sì í fi «s» sí ìdí rẹ̀. «This letter is gobbledygook» ni a ń wí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tó ń ta ni lára ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ọ̀gá.

Charabia ni Faransé ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà kan, èdè àwọn ará Auvergne ni wọ́n fi charabia pè, kìkì nítorí pé kò yé wọn. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níbẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ ayé amúnisìn, wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Èdè ẹlòmíràn tí a kò gbọ́ kì í ṣe gobbledygook. Ìwé tí a kọ nípa ilẹ̀ bàbá àgbẹ̀, tí a kà sí i létí ní èdè tirẹ̀ gan-an, tí kò sì yé e síbẹ̀, èyíinì ni ó tọ́ sí orúkọ náà.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í kún agbọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé fún ará ìlú, ẹ kọ ọ́ kí ó yé wọn.