Ẹ jẹ́ kí a ro ó dáadáa kí a tó fi ọ̀rá bo ọkọ̀

A máa ń fi àwọn òbí wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kì í bọ́ ọ̀rá kúrò lára àga tuntun. Lónìí, àwa ọmọ wọn ní Houston ló ń yá owó láti fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bo ọ̀dà ọkọ̀ wa.

Ọ̀rá náà kì í ṣe ẹ̀tàn o. Nígbà ogun Vietnam ni ilé-iṣẹ́ 3M ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, kí yanrìn àti àfọ́kù irin má baà ba abẹ̀bẹ̀ hẹlikópítà jẹ́. Ó nípọn tó nǹkan bíi 0.2 mìlímítà péré, síbẹ̀ ó ń gba òkúta wẹ́wẹ́ tí táyà ọkọ̀ akẹ́rù ń ta lù wá lójú ọ̀nà I-10. Ó tún ń gba ọ̀dà lọ́wọ́ lovebug, kòkòrò tó máa ń kú mọ́ imú ọkọ̀ ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹsàn-án, tí òkú rẹ̀ sì ń jẹ ọ̀dà bí oòrùn bá pa á.

Àmọ́ iwájú ọkọ̀ ni òkúta àti kòkòrò sábà ń bá. Èrò tiwa ni pé kí a bo bọ́ńpà iwájú àti bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan, kí a máa fọ ìyókù déédéé. Bíbo gbogbo ara ọkọ̀ lè gba $5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, yìnyín ńlá yóò ṣì tẹ irin rẹ̀ wọnú, ọ̀rá náà yóò sì gbó láàárín bí ọdún 5 sí 10.

Bó bá jẹ́ owó yíyá la ó fi ṣe é, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀. Àwọn òbí wa kò yá kọ́bọ̀ ra ọ̀rá tó wà lára àga wọn. Ọ̀fẹ́ ló bá àga wá.